Mo Gbàgbé Láti Kí Àwọn Òṣìṣẹ́ Inú Iṣan

Bísí, jókòó, àlá tí mo lá lánàá ò jẹ́ kí n gbádùn. Wọ́n gbé ọlọ́kadà kan wá sí wọ́ọ̀dù wa. Kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, àmọ́ ikùn rẹ̀ ń wú, ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú. Mo fún un ní abẹ́rẹ́ àwọn hóró tíntìntín tí dókítà wa ní àwọn onímọ̀ ń dán wò, tí ojú ò lè rí, tó ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jò lọ dí i.

Àfi bí mo ṣe bá ara mi nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò. Àwọn hóró yẹn ti di bíríkìlà, wọ́n ń mọ ògiri síbi tó ya. Mo sáré kọjá lára wọn. Ni gbogbo wọn bá dáwọ́ dúró.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé bí wọ́n ṣe ń kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?"

Ẹ̀jẹ̀ ti dé orúnkún mi. Mo kúnlẹ̀ sínú rẹ̀. "Ẹ má bínú. Ẹ kú iṣẹ́ o."

"Òo," ni wọ́n dáhùn, wọ́n sì dí i pa. Ọlọ́kadà dìde, ó ní ebi ń pa òun.

Inú dídùn ló jí mi. Ọkọ mi ní ta ni mò ń kí.

N ò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, Bísí. Àmọ́ abẹ́rẹ́ tí mo kọ́kọ́ fà láàárọ̀ yìí, mo rọra kí i kó tó wọ ara aláìsàn.