Ẹsẹ Orin Tí Mọ́tò Gbé Mì

Gẹrígẹrí ni ọkọ mi fún ogójì ọdún ó lé díẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀, kó tó dìde, á ti gbọ́ ti àdúgbò, á ti gbọ́ ti ilé àna, á sì ti rẹ́rìn-ín débi tí abẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e létí. Èmi náà ò kẹ̀rẹ̀, orin ni tèmi. Ó ń sọ̀rọ̀ níwájú ilé, mò ń kọrin lẹ́yìnkùlé, àwọn ará ilé kejì ní àwọn ò ra rédíò mọ́.

Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe dé láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó mú apá ọ̀tún, tó sì kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ mí. Ó ń gbọ́ mi yékéyéké. Ṣùgbọ́n tó bá lanu, "bà, bà, bà" ló ń jáde, omijé á sì tẹ̀lé e.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá wò ó nílé ló gbọ́ tí mò ń kọrin nídìí abọ́ tí mò ń fọ̀. Ó ní, "Mama, ẹ wá kọ ọ́ sí Bàbá létí. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà jáde nínú orí ló bàjẹ́, ti orin ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ẹ máa dá a, kí wọ́n máa gbè é. Aago mẹ́rin ni kẹ́ ẹ máa ṣe é, tí wọ́n bá jí lójú oorun ọ̀sán, tí oògùn ti dá lójú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi falẹ̀ o. Oṣù díẹ̀ tó wà níwájú yìí ni orí á fi gbà á. Tó bá kọjá, ó le."

Mo fò sókè! Èmi tí ìwé kọ̀ ní kíláàsì kejì, wọ́n ní kí n wá di tíṣà. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo hun orin:

*Ta ni yóò mu omi o?*
*Èmi ni, èmi ni.*
*Ta ni yóò wọ bàtà o?*
*Èmi ni, èmi ni.*
*Ta ni ọkọ mi àtàtà?*
*Èmi ni, èmi ni!*

Ọjọ́ tí "èmi ni" àkọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, etí aṣọ mi ni mo fi nu ojú àwa méjèèjì.

Ẹ wá wo wàhálà. Pápá ìje mọ́tò wà lẹ́yìn ọgbà wa. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Sátidé nìkan ni. Lọ́dún yìí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbára dì lójoojúmọ́, tó bá sì ti di aago mẹ́rin, wọ́n á tan ẹ́ńjìnì, ife á máa jó lórí tábìlì. Tí mo bá ní "Ta ni yóò", mọ́tò á ní "Yaaaùùùn!" Ọkọ mi á fi ọwọ́ òsì bo etí, á kọjú sí ògiri. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ìkejì kọjá, gbígbè tó ti ń já gaara tún ń di "bà, bà."

Mo gba ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ lọ. Akọ̀wé obìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ̀yin ará àdúgbò yìí náà! 'Ariwo pọ̀ jù,' 'ariwo pọ̀ jù.' Ó pọ̀ tó báwo? Ẹ gba fọ́ọ̀mù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni kẹ́ ẹ fi kọ aago tó bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, àtohun tó dí lọ́wọ́ yín."

Ta ló máa di ọwọ́ ọkọ mú, tó máa kọrin, tó tún máa wojú aago? Mo fa igi kan fún ẹsẹ orin tí mo gbọ́ ìdáhùn rẹ̀. Èyí tí mọ́tò gbé mì, mo ya àgbélébùú fún un.

Nígbà tí mo gbé e padà, ọ̀gá pápá ìje fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n ti ránṣẹ́ pè é.

Akọ̀wé ní, "Mama, ṣé adìyẹ ló jó lórí fọ́ọ̀mù yìí?"

"Adìyẹ tó mọ orin ni," mo ní.

Ọ̀gá pápá gbọn orí. "Mà, kò sí ìṣẹ́jú kankan níbí. Báwo ni ẹsẹ kan ṣe gùn tó?"

Kí ni ń bẹ níbẹ̀? Mo dìde, mo kọ ọ́. Ibi tí ọkọ mi ti ń gbè, mo dákẹ́ dè é. Akọ̀wé ò lè mú un mọ́ra, ó ní, "Èmi ni, èmi ni." Bàbá tó ń to fáìlì náà gbà á. Ọ̀gá pápá ń wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ààbọ̀ ìṣẹ́jú," ó ní. Ó mú bírò, ó ka àgbélébùú ọjọ́ kan. "Ọgọ́ta. Ààbọ̀ wákàtí gbáko nìyẹn. Mama, ìgbà ọgọ́ta lẹ kọrin sí Bàbá tí wọn ò dáhùn?"

"Bóyá wọ́n dáhùn, ọmọ mi. Èmi ni mi ò gbọ́."

Ó gbé bírò sílẹ̀. "Mi ò lè ti pápá, mà. Ibẹ̀ làwọn mẹkáníìkì mi ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n aago mẹ́ta la máa ń pààrọ̀ táyà. A ó sún un sí mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni ò ní tan ẹ́ńjìnì títí di márùn-ún."

Ó sì ṣe é! Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́rin lù, mo gbọ́ eṣinṣin tó ń fò. Mo kọrin, ọkọ mi gbè é. Ọjọ́ kejì, ó gbè é. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ijó kún un, mò ń lu tábìlì, mò ń hó bí ẹni tó rí owó he.

Ọ̀sẹ̀ kẹta ni. Mo ti kọ ti bàtà tó ìgbà mọ́kànlá nígbà tí ọkọ mi na ọwọ́ òsì sókè. Kò kọrin. Ó ní, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fi ẹsẹ̀ tọ́ omi wò:

"Ìyá wọn... ariwo ẹ... pọ̀."

Ẹ̀rín gbé mi, ẹkún gbé mi, mi ò mọ èwo ni kí n ṣe. Mo pa ẹnu mọ́, èmi yìí! Mo jókòó tì í, mò ń wo ètè rẹ̀.

Ó ní, "Tíì... dà?"

Mo ti sáré dé ìdí stóòfù kí n tó rántí pé orúnkún ń dùn mí.