Ọmọ Tí Múríkátù Kà Lójú Ìyá Wọn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó jìnnà kó wá, ẹni tó dúró kó jókòó. Ìtàn tí mo gbé dání yìí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n.

Hellersdorf ni Múríkátù ń gbé, ní etí Berlin níbi tí ilé alájà ti parí tí igbó bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó ń jáde wá tú ọgbà àwọn èèyàn. Ìlú ń rò ó bóyá kí wọ́n yìnbọn pa wọ́n, tàbí kí wọ́n kàn ta wáyà yí igbó ká. Ni Amelie, ọmọbìnrin olùwádìí, bá ní kí ará àdúgbò wá bá òun kà wọ́n kí ìlú tó pinnu. Bádárù, ẹ̀gbọ́n Múríkátù, tó ti bá àwọn olùwádìí ka ti Hamburg, wọ ọkọ̀ ojú irin láti Billstedt, àdúgbò rẹ̀ ní Hamburg, wá ran àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ka á sókè," ó ní, "kí o má baà gbàgbé."

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé kì í géni jẹ?"

"Ìwọ tí o ò jẹ ẹ́ rí, kí ni yóò jẹ ọ́ fún?"

Òwúrọ̀ ni, ìkùukùu bolẹ̀. Múríkátù dúró lẹ́bàá igi pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, Bádárù wà nídìí igi kejì. Ewé ró fìrìrì. Abo ẹlẹ́dẹ̀ yọ, ó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí àgbá, àwọn ọmọ onílà lára tò tẹ̀lé e. Inú Múríkátù dùn, ó gbóhùn sókè: "Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!"

Ìyá dúró. Ó yíjú. Ó fọn imú fùùù, ó ń bọ̀.

Àyà Múríkátù já pà. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí: a kì í ka ọmọ lójú ọlọ́mọ! Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé? Ó bojú wẹ̀yìn, Bọ̀ọ̀dá ti wà lórí igi!

"Má sáré o," Bádárù ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láti òkè.

Kí ni kó ṣe? Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó forin bẹ ọlọ́mọ:

*Ìyá ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi,*
*Ẹ kú ewu ọmọ o.*
*Mi ò kà wọ́n, mo kí wọn ni,*
*Ẹ kú ewu ọmọ o.*
*Igi ni mò ń kà, ewé ni mò ń kà,*
*Ẹ kú ewu ọmọ o.*

Kò jẹ́ kí orin já. Ẹlẹ́dẹ̀ sún mọ́ ọn débi pé èémí rẹ̀ kan Múríkátù lójú. Ó gbóòórùn rẹ̀ títí. Ó kùn hùn-ùn, ó yí padà, àwọn ọmọ tò tẹ̀lé e kọjá níwájú Múríkátù, wọ́n wọgbó lọ.

Amelie sáré dé. "Ọmọ mélòó ni?"

Múríkátù mirí. "Ẹnu mi ò ní kà á mọ́ láéláé."

"Bí a ò bá ní iye, àwọn tó fẹ́ yìnbọn ni ìlú máa gbọ́ tiwọn!"

Múríkátù rò ó: ìyá tó dá òun sí, ṣé ìbọn ló yẹ ẹ́? Ó ki ọwọ́ bàpò, ó mú èso dàbínù jáde, ó ń fi wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́ Amelie ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ọmọ kan, èso kan, kò la ẹnu.

"Sieben," Amelie ní, ìyẹn méje lédè Jámánì.

"Ẹnu tìẹ ló sọ ọ́ o!"

Nígbà tí Amelie ro ti gbogbo ará àdúgbò pọ̀, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ ò pọ̀ tó ohun tí èèyàn ń yìnbọn sí. Ìlú gbà pé wáyà ti tó.

Èèyàn méjì ló gbé Bádárù sọ̀ kalẹ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá jẹun," Múríkátù ní, "igi ò ní ìrẹsì." Wọ́n jẹ ìrẹsì àti adìyẹ díńdín nílé rẹ̀, ata mú omi bọ́ lójú Amelie, ó tún bù sí i. Oníkálukú gbé ikùn rẹ̀ lọ sílé, ó kún bámúbámú.