Ilé Tí Kò Mọ Ẹsẹ̀ Ìyàwó

Mo lá àlá kan lóru àná. Nínú àlá náà, ìròyìn ìgbéyàwó mi kàn mí nígbà tí ìgbéyàwó ti kọjá ní ọjọ́ kan. Mo ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìnkùlé wa ní Àgbádárìgì nígbà tí ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúdú wọlé, tó kí mi dáadáa.

Ó ní, "Ìyàwó, ẹ kú iṣẹ́. Àná ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó yín."

"Ẹ ṣeun, sà. Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn. Ìrẹsì ò kárí, ṣùgbọ́n ó dùn."

"Òdòdó ńkọ́?"

"Òdòdó ò rọ."

Ọkàn mi balẹ̀. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ gbogbo làálàá tí mo ti ń ṣe lórí ìgbéyàwó tó ń bọ̀ yìí. Mo fẹ́ kó rí bíi ti àwọn Faransé inú ìwé tí mo máa ń yá kà: tábìlì gígùn nínú ọgbà ilé àwọn Gbádébọ̀ àfẹ́sọ́nà mi, àbẹ́là funfun lábẹ́ igi àgbọn, òdòdó aláwọ̀ àlùkò, àti kápẹ́ẹ̀tì funfun láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga wa. Nítorí kápẹ́ẹ̀tì yẹn ni mo ṣe sọ fún Màmá Àgbà, ìyá bàbá Gbádébọ̀, pé a ò ní wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. Omi á bà á jẹ́. Màmá ò bá mi jà. Wọ́n kàn ní, "Ó dáa, ìyàwó mi," wọ́n sì dojú igbá tí wọ́n ti fọ̀ sílẹ̀ délẹ̀.

Ọkùnrin oníkóòtù wá ní, "Ohun kan ló kù. Ìyàwó ò tíì wọlé. Láti àná lọkọ yín ti jókòó. Bí oòrùn bá wọ̀ kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò ní mọ̀ yín mọ́."

Mo gbé agbọ̀n ẹ̀wà rù, mo tẹ̀ lé e. Kí a tó yà ní kọ̀rọ̀, ẹ̀wà ti di òdòdó àlùkò. Ó ní a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà ní ọ́fíìsì tó ń rí sí Ìgbéyàwó Òkè Òkun. Ọ́fíìsì náà léfòó lórí ọ̀sà bí ewé òjúoró, àwọn ọ̀gá mẹ́ta sì jókòó nínú rẹ̀.

"Kí lẹ rù?"

"Faransé ni, sà."

"Mélòó?"

"Agbọ̀n kan."

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbóòórùn rẹ̀. Ó ní, "Faransé ni lóòótọ́." Ó já ẹyọ kan, ó fi sẹ́nu. Àwọn yòókù náà tọ́ ọ wò. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ni irùngbọ̀n ń yọ, nígbà tí agbọ̀n sì fi máa ṣófo, ewúrẹ́ ni gbogbo wọn, pẹ̀lú táì lọ́rùn. Ọ̀gá àgbà fi pátákò tẹ òǹtẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ewúrẹ́ tó bá ti wọ táì, àgbà ni.

Mo gba ẹ̀yìn ọ́fíìsì jáde, mo bá ara mi lójúde àwọn Gbádébọ̀. Ilé wọn ti funfun, ó ga, fèrèsé rẹ̀ gùn. Oòrùn mú tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àbẹ́là fi dọ̀bálẹ̀, àwọn àgbà sì ń dá wọn lóhùn pé, "Ẹ dìde, ẹ dìde, ẹ ó dàgbà." Kéèkì ń ṣàn lọ sí ọ̀sà, ó ń dágbére fún èèyàn. Gbádébọ̀ jókòó sórí àga oníwúrà ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín.

Àga ní, "Ìyàwó, tètè wọlé jàre. Láti àná ni mo ti gbé ọkọ rẹ. Ẹsẹ̀ mi yìí, ẹsẹ̀ ìwòran ni."

Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ilé fà sẹ́yìn. Mo gbé ẹsẹ̀ òsì. Ó ká ara rẹ̀ sókè bí obìnrin tó ń ká ìró rẹ̀ kúrò nínú ẹrẹ̀.

"Ilé, kí ló dé?"

"N kò mọ̀ ọ́."

"Èmi ni mo ṣe ẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́, láti orí àbẹ́là dé orí kápẹ́ẹ̀tì."

"Mo gbà. Ṣùgbọ́n eruku ilé bàbá rẹ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ. Ta ló fi omi gbà á lọ́wọ́ rẹ?"

Oòrùn ti dé ìbàdí igi àgbọn. Gbádébọ̀ gbójú sókè, ó wò mí bí wọ́n ṣe ń wo àlejò.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ta lẹ ń bèèrè?"

Ibẹ̀ nìkan ni ẹ̀rù ti bà mí nínú àlá náà. Mo sáré lọ bu omi, ṣùgbọ́n kápẹ́ẹ̀tì mi ti bo gbogbo ọ̀sà, kò sí ibi tí mo lè ti ọwọ́ bọ̀. Ní òdìkejì, Màmá Àgbà jókòó ti igbá wọn tó dojú délẹ̀. Mo pè wọ́n, ohùn mi ò jáde. Omi tútù kan wá kán sí mi lẹ́sẹ̀, mo sì jí.

Òjò ni. Páánù tí bàbá mi ti ń sọ láti ọjọ́ yìí pé òun máa lẹ̀ ló ń jò sí mi lẹ́sẹ̀: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì.

Bí òjò ṣe dá, mo ró ìró, mo gba ilé àwọn Gbádébọ̀ lọ. Màmá Àgbà ń gbá omi kúrò lójúde. Igbá náà ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò omi, ó dojú délẹ̀.

"Ìyàwó mi, ṣé kò sí? Kápẹ́ẹ̀tì Faransé ńkọ́? Ṣé òun náà jí ire?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Inú ọgbà ni kápẹ́ẹ̀tì á ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà, tiyín ni. Màá bọ́ bàtà, ẹ ó sì wẹ ẹsẹ̀ mi."