Òróró Páìnì Lẹ́yìn Bàbá

"Ta ló fi iná jó ẹ̀yìn Bàbá?"

Ẹ̀gbọ́n ló bèèrè láti ẹnu ọ̀nà. Bàbá dojú bolẹ̀ lórí àga gígùn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, àbúrò ẹ̀gbọ́n, tó máa ń se ewé igi páìnì kó lè gba òróró olóòórùn lára rẹ̀ tà, dúró tì í. Ẹ̀yìn arúgbó náà pọ́n bí ẹyin iná, òórùn páìnì sì gba gbogbo pálọ̀ kan.

Àbúrò sáré wọ ilé ìdáná, ó rẹ òwú sínú òróró ẹ̀pà, ó wá rọra ń fi nu ẹ̀yìn Bàbá.

"Òróró lórí òróró? Omi ńkọ́?"

"Omi nìkan ò lè ká a, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí ló máa kọ́kọ́ gbà á kúrò lára. Ọṣẹ àti omi á tẹ̀lé e."

"Dókítà Eléwé! Ọjà ẹ kọ́ nìyẹn? Ogójì oníbàárà ló ń dúró dè é lọ́la. Bó bá ṣe baba tó bí ẹ báyìí, ọmọ ọlọ́mọ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà gún àbúrò dé egungun. Kò sí ìgò kan tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde rí tí kò kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa apá ara rẹ̀ kó sì ṣọ́ ọ fún odidi ọjọ́ kan.

"Bó bá jẹ́ òróró mi ló jẹ̀bi," ó ní, "gbogbo ẹ̀ ni mo máa dà nù lónìí." Ó kúnlẹ̀ ti Bàbá. "Bàbá, ẹ̀kán mélòó lẹ lò?"

"Ẹ̀kán bí ti báwo? Mo dà á kún àtẹ́lẹwọ́ ni."

"Ẹ ò pò ó mọ́ nǹkan kan?"

Bàbá gbórí sókè gìrì. Ogójì ọdún ló fi kun ilé onílé.

"Èmi? Ta ló rí mi rí kí n bomi la ọ̀dà? Kí n wá sọ iṣẹ́ ọmọ mi di àbùlà! Ògidì lo ṣe, ògidì ni mo fi para."

Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ń pa àbúrò náà, omi sì lé ròrò sí i lójú.

"Bàbá mi, ògidì ẹ̀ ti le jù fún ara èèyàn. Ṣebí ìgò méjì ni mo fún yín. Ẹ̀kán méjì péré láti inú ìgò páìnì kékeré, nínú ṣíbí ńlá kan òróró àgbọn. Ìgò òróró àgbọn náà dà?"

"Èyí tí àwòrán ẹ wà lára ẹ̀? Ṣé ìyẹn ni kí n máa tú lò? Àlejò tó bá wọlé ò ní mọ ọmọ tí mo bí ni?"

Ó na ìka sí orí tẹlifíṣọ̀n. Ìgò náà dúró gbagidi lórí aṣọ funfun, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wọn gbà wọlé, ọ̀rá ọrùn rẹ̀ kò tíì já. Lábẹ́ àwòrán ọmọbìnrin náà, àkọlé pupa gàdàgbà kan ní: Ẹ PÒ Ó KÍ Ẹ TÓ FI PARA. Àwòrán ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ìgò ti bò ó mọ́lẹ̀.