Òǹtẹ̀ Alága Tak

Bí ẹ ṣe fura sí i náà ló rí: káàdì náà ti wọlé kí oyè tó dé. Igba káàdì ni, funfun báláú, nínú páálí kékeré lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ Alága Tak Hyeong-bae. Wọ́n kọ ọ́ sára wọn ní lẹ́tà dúdú tó ń dán pé: *Tak Hyeong-bae, Arólé Orin Ìtàn, Ìlú Mulgol*. Ìjọba ìpínlẹ̀ kò tíì fi í jẹ Arólé ohunkóhun. Ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an ni àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, Alága sì ti da tirẹ̀ láti oṣù tó kọjá.

Ó dúró níwájú dígí, ó fọ́ ẹyin tútù sẹ́nu, ó gbé e mì fún ohùn. Ó wọ aṣọ funfun, ó so okùn àyà rẹ̀, ó tú u, ó tún un so.

“Ṣé funfun náà lẹ máa wọ̀?” ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè láti ẹnu ọ̀nà.

“Arólé kì í wọ aṣọ aláràbarà.”

“Arólé wo?”

Ó na ọwọ́ aṣọ náà gún.

“Ọbẹ̀ á ta sí i,” ni ìyàwó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ kẹta Àjọ̀dún Orin Ìbílẹ̀ Mulgol ni, nínú oṣù kọkànlá, nígbà tí gbogbo ilé ń gé ewébẹ̀ tí wọn yóò fi iyọ̀ àti ata pa mọ́ de òtútù. Etí òkun ni wọ́n gbé pèpéle ńlá sí, pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn tó ti lé gbogbo ẹyẹ òkun lọ. Àwọn tó wá jẹ ẹja yíyan ló ń dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ orin a máa gun òkè lọ sí ilé àwọn Guk, níbi Ìjókòó Yàrá: ọgbọ̀n ènìyàn péré, bàtà níta, ìdí lórí ilẹ̀ gbígbóná, orúnkún kan orúnkún, olórin kan, onílù kan, abẹ̀bẹ̀ kan. Kò sí ẹ̀rọ tí èèyàn lè sá sí lẹ́yìn níbẹ̀. Àwọn olùgbọ́ ló sì ń ju ohùn sí i, “Ó dáa!”, “Bẹ́ẹ̀ ni!”, níbi tí ohùn bá ti tọ́. Yàrá tó bá dákẹ́ ti dájọ́.

Lẹ́tà ìjọba kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Ó ní àwọn olùyẹ̀wò yóò wá sí Ìjókòó kẹta láti gbọ́ ẹni tí ẹgbẹ́ olórin Mulgol, tí Tak jẹ́ alága rẹ̀, dábàá fún oyè. Alága ló ni Ìjókòó kẹta. Ta ni ẹgbẹ́ tún fẹ́ dábàá? Lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé ìdábàá náà nígbà ìrúwé, pẹ̀lú ìwé méjìlá mìíràn tí Akọ̀wé Bang kó wá, ṣùgbọ́n Alága kì í ka ohun tó bá ń tẹ̀. Iṣẹ́ akọ̀wé ni ìwé kíkà; iṣẹ́ alága ni òǹtẹ̀. Ó gbà pé Bang ló fi ọ̀wọ̀ kọ orúkọ òun síbẹ̀ tí ojú sì ń tì í láti sọ, ó sì nífẹ̀ẹ́ Bang díẹ̀ nítorí rẹ̀.

Nígbà tó dé ilé àwọn Guk, Ìyá Gilsu ti wà níbẹ̀, ó gbé ìlù sẹ́sẹ̀. Ma Bong-nim ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti bí Gilsu, inú ìwé ètò àjọ̀dún nìkan ni orúkọ yẹn ti ń rí oòrùn, ní lẹ́tà wínníwínní lábẹ́ ti Alága. Ọmọ ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Ó ti lùlù fún Alága fún ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì ń bó áyù fún àwọn ẹlẹ́ja láàárín. Lónìí ó fi òróró sí irun, ó wọ kóòtù sílíkì kan ṣoṣo tó ní. Ó dìde, ó sì tẹrí ba jù bó ṣe máa ń ṣe lọ.

“Alága, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Ohun tí ẹ ṣe fún mi nígbà ìrúwé, Akọ̀wé sọ fún mi.”

Alága ronú. Ó rántí páálí ẹja gbígbẹ kan tó fi ránṣẹ́ sí i nígbà náà, èyí tí kòkòrò ti ń tọ́ wò.

“Kò tó nǹkan,” ó ní. “Ìyá Gilsu, ẹ gbọ́ ná. Ẹ sinmi lónìí.”

“Kí n sinmi?”

Ó fọwọ́ han ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́bàá ògiri, Seon Haram, tó ń kọ́ni ní ìlù ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nígboro, ọwọ́ rẹ̀ funfun bí ìrẹsì. “Àlejò ìpínlẹ̀ ló ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí eyín yín ṣe rí. Àti áyù yẹn, kò kúrò lọ́wọ́ yín. Àwọn ará ilé ìdáná ń wá ẹni tó máa bá wọn gé nǹkan.”

“Alága,” ni obìnrin kan pè láti ilé ìdáná, “tó bá jẹ́ eyín ni wọ́n fi ń lùlù, ajá yín ì bá ti joyè.”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín, kó má bàa dà bíi pé ọ̀rọ̀ náà ba òun.

Ìyá Gilsu kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú Alága pẹ́ díẹ̀. “Ẹni tó fi lé mi lọ́wọ́ náà ló gbà á,” ó ní. “Mi ò ní ẹjọ́.”

Alága rò pé ìlù ló ń wí. “Ẹ fi ìlù sílẹ̀ síbẹ̀ o. Ti Haram kò mọ ojú ọjọ́ etí òkun.”

Obìnrin àgbà náà gbé ìlù fún ọmọbìnrin. “Ojú òsì máa ń rọ̀ tí atẹ́gùn òkun bá fẹ́. Fi àtẹ́lẹwọ́ gbóná sí i kí o tó bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi.” Haram fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kò lè wo ojú rẹ̀. Ìyá Gilsu bọ́ kóòtù sílíkì, ó ká a, ó sì lọ gé áyù.

Akọ̀wé Bang sún mọ́ Alága. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, lórí lẹ́tà yẹn…”

“Bang, ṣé o fẹ́ kọ́ mi ní lẹ́tà kíkà ni?”

Bang wo ilẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń wo ilẹ̀ yẹn. Ó mọ gbogbo ojú pákó rẹ̀.

Àwọn olùyẹ̀wò mẹ́ta dé: ọkùnrin méjì tí kò sọ̀rọ̀, àti Ìyáàfin Pyo, olórí wọn, tó ní irun funfun àti kálàmù kan. Kò tíì jókòó tó fi wo ẹni tó wà nídìí ìlù.

“Onílù yín àtijọ́ ńkọ́, Alága?”

“Ara rẹ̀ kò yá. Ó dùbúlẹ̀ nílé. Àgbà ti dé, ẹ mọ̀.”

“Ó mà ṣe o,” ni Ìyáàfin Pyo wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Alága ṣí abẹ̀bẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Kì í ṣe olórin burúkú, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó kọ ti oníyọ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kú, ó dé ibi tí ọkọ ń tẹ̀lé pósí gba etí omi, níbi tí ìlà orin kan ṣoṣo ti gùn láti ilẹ̀ dé ọ̀run. Láti ọdún mọ́kàndínlógún, ibẹ̀ gan-an ni èémí Alága máa ń tán. Kò mọ̀. Bó bá ti ku díẹ̀ kó tán, Ìyá Gilsu á fi igi gbá etí ìlù, *pó*, á ju ohùn sí i bí ẹni tí ẹkún gbọ̀n, gbogbo yàrá á bá a dìde. Kí ariwo tó rọ̀, Alága á ti mí, á sì ti wà lókè. Ohun tó ń pè ní ẹ̀bùn rẹ̀ nìyẹn. Àwọn àgbà ibẹ̀ a máa ní onílù lèkíní, olórin lèkejì. Alága gbà pé onílù ló hùmọ̀ rẹ̀.

Haram kò ṣi ìlù lù. Ìwé orin ní kí ìlù dákẹ́ níbẹ̀, ó sì dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ náà ni ohùn Alága ti já, tí atẹ́gùn kan sì jáde lẹ́nu rẹ̀ bíi ti kẹ́tùlù. Ọgbọ̀n ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo orúnkún wọn.

Nígbà náà ni ọ̀bẹ gbá pákó nílé ìdáná, *pó*, ohùn kan tó há sì tẹ̀ lé e: “Ó dáa! Máa sìn ín lọ!”

Yàrá sọjí. Ohùn ń dà láti gbogbo igun, Alága sì gun orí rẹ̀ dé òkè. Ìyáàfin Pyo yí orí sí ọ̀nà ilé ìdáná. Ó gbé kálàmù sókè, kò kọ nǹkan kan.

Alága kò dáwọ́ orin dúró. Ó fi abẹ̀bẹ̀ júwe fún Bang, lọ́nà tó dára tí àlejò fi lè rò pé ara orin ni: *ti ilẹ̀kùn*. Bang ti ilẹ̀kùn.

Ibi méjì bẹ́ẹ̀ ló tún kù nínú orin náà. Ní ibi méjèèjì, wọ́n gbọ́ ọ̀bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tínínrín, bí ẹni tó ń kan ilé jíjìnnà. Kò sẹ́ni tó lè ju ohùn sí irú ìyẹn. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, ohùn Alága jábọ́ sílẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń pa á fún ọmọ alága.

“Ta ló ju ohùn yẹn láti ilé ìdáná?” ni Ìyáàfin Pyo bèèrè nígbà tí èrò ń na ẹsẹ̀.

“Ọ̀kan nínú àwọn tó ń gé áyù. Ẹ má bínú. Wọn kò mọ ìwà hù.”

Obìnrin náà mú ìwé kan jáde. “Ẹ bá wa tẹ òǹtẹ̀ síbí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dábàá.”

Ohun tí Alága ti ń dúró dè nìyí. Ó yọ òǹtẹ̀ rẹ̀ nínú àpò sílíkì, ó fi kan tàdáwà pupa, ó mí sí i, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, láì kà á. Ó fi ìrẹ̀lẹ̀ sí ohùn. “Nígbà wo la máa gbọ́?”

“Ẹ máa gbọ́ kí ni?”

“Ti oyè.”

“Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òǹtẹ̀ parí rẹ̀ ni. Oyè ìlù nìkan ló ṣí lọ́dún yìí. Onílù tí ẹ dábàá ń ṣàìsàn, kò wá. Ó di ọdún márùn-ún kí ẹ tó tún lè dá a lábàá.”

Alága wá awò ojú rẹ̀ kàn. Lókè ìwé ni òǹtẹ̀ ìgbà ìrúwé wà, tirẹ̀, ó ti gbẹ, lábẹ́ orúkọ tó mọ̀ láti inú ìwé ètò. Nísàlẹ̀ ni tòní wà, lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà ‘ń ṣàìsàn, kò wá’, tó ṣì tutù.

Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná sí i. Ó wò ó. Ó ronú kan ìwé ètò ọdún tó ń bọ̀, níbi tí orúkọ Arólé ìlù yóò ti tóbi lókè, tí ti ẹlòmíràn yóò sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Aago mẹ́rin ni bọ́ọ̀sì àwọn àlejò máa gbéra. Bang ń wo ilẹ̀. Alága nu òǹtẹ̀ mọ́, ó dá a padà sínú àpò rẹ̀, ó sì fa okùn àpò náà pa.

Ó mọ ohun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ó yà á lẹ́nu bí kò ṣe wúwo tó.

Ilẹ̀kùn ṣí láti òdì kejì. Ìyá Gilsu gbé ọpọ́n wọlé, àwọn abọ́ ẹ̀wà pupa tí wọ́n sè bí ògì ló wà lórí rẹ̀, wọ́n ń yọ èéfín. Ó pín in fún àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Ìyáàfin Pyo. Ìyáàfin Pyo gba abọ́, ṣùgbọ́n kò fi ọwọ́ tó gbé e wá sílẹ̀. Ó yí i, ó wo àtẹ́lẹwọ́ òsì, níbi tó ti yi bí awọ.

“Màmá, kí ni orúkọ yín?”

Ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní ìyẹn. Ó kọ́kọ́ wo Alága, bí ẹni tó ń tọrọ àyè, ṣùgbọ́n Alága ń ṣí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

“Ma Bong-nim,” ló wí.