Àpótí Tó Wà Nínú Yàrá Ooru

Láti ìgbà tí Tauno ọkọ mi ti kú, kò sí ohun tó dùn mí, kò sì sí ohun tó dùn mọ́ mi. Mi ò sunkún níbi ìsìnkú. Wọ́n gbé kọfí àti búrẹ́dì dúdú síwájú mi, mo ń jẹ ẹ́ bí ẹni ń jẹ páálí. Orin táńgò tó fẹ́ràn nìkan ni mo rò pé ó lè wọ̀ mí lára. Ní gbogbo Sátidé, tí a bá ti ń dáná yàrá ooru tí a máa ń jókòó sí láti làágùn, Tauno á fi fóònù tan orin náà láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì sórí sípíkà ilé ìdáná. Tó bá dé ìparí, òun náà á máa gbè é. Ohùn rẹ̀ ò dáa rárá.

Báyìí, orin náà kì í dé ìparí mọ́. Á kọ díẹ̀, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo pe Mirkka ọmọ mi.

Ìlú Tampere ló ti wá, tòun ti ìbínú rẹ̀, torí ó ti ń pè mí tipẹ́ tí mi ò dáhùn. Ó pa fóònù, ó tún tàn án. Ó gbé sípíkà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí mo fi ń mú oúnjẹ gbóná. Ó pe iléeṣẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kò sí àbùkù lọ́dọ̀ àwọn. Ó wá bi mí pé níbo ni àpótí tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì kálé wà. Mo ní inú yàrá ooru ni. Iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú sí mi ṣáá, mo bá kó o mọ́ bàtà Tauno àti ọ̀pá ìpẹja rẹ̀, mo ti wáyà gba abẹ́ ilẹ̀kùn, mo sì pa á dé. Ta ni mo tún fẹ́ dáná fún?

Mirkka ní:

"Màámi, bébà onírin ló wà lẹ́yìn pákó ògiri ibẹ̀ yípo. Ẹ̀yin àti Bàámi lẹ jọ kàn án, kí ooru má baà jáde. Ibo ni íńtánẹ́ẹ̀tì fẹ́ gbà jáde?"

"Mo gbàgbé."

"Ẹ ò gbàgbé. Ẹ ò fẹ́ ronú kàn án ni. Ẹ jẹ́ kí n gbé e jáde, kí n tún ilẹ̀kùn pa dé."

Mo ní kó fi í síbẹ̀, kó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ó ti sú mi láti máa yọ́ kọjá níwájú yàrá náà.

Òórùn tábà Tauno jáde wá. Mo wọlé, mo jókòó sáàárín àwọn bàtà rẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀ nílé ìdáná, kò sì já. Ó dé ìparí, kò sẹ́ni tó gbè é. Mo dúró de omijé. Kò wá.

Mirkka béèrè láti ilé ìdáná bóyá ó ti dáa.

"Ó ti dáa," ni mo wí. "Ṣé búrẹ́dì ṣẹ́kù níbẹ̀? Ebi ń pa mí."