Ẹ̀gbọ́n Tí Kugan Sẹ́

Lẹ́tà náà rí Kugan lára bí ẹni tó gbé eṣinṣin mì. Àwọn tó ń yẹ ọ̀rọ̀ àwọn asásàálà wò ní Australia ló kọ ọ́. Wọ́n ní irọ́ ló pa. Nínú fọ́ọ̀mù, ó ní òun nìkan ni ìyá òun bí. Nígbà tí wọ́n wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ó ní àwọn ṣọ́jà Sri Lanka pa Thavam, ẹ̀gbọ́n òun, òun ló sì kàn. Ẹ̀gbọ́n tí kò sí kò ṣeé pa. Kó padà sílé.

Ìranù! Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá Kugan ni Thavam. Ilé kan náà ni wọ́n dàgbà sí ní Jaffna, ìlú àwọn Tamil ní Sri Lanka, àwo kan náà ni wọ́n ti jẹ puttu. Kí ni ọmọ Tamil yóò pè é bí kò ṣe “anna”, ẹ̀gbọ́n? Àfi ẹni tí wọn ò kọ́ nílé ló lè pè é ní nǹkan mìíràn.

Heather, lọ́yà rẹ̀ ní àdúgbò Toongabbie, fà á jókòó.

“Fara balẹ̀. Òfin ò gbà kí wọ́n lé ẹ báyìí. Dandan ni kí ìgbìmọ̀ tó ń tún ẹjọ́ gbọ́ sọ ohun tí wọ́n kà sí ẹ lọ́rùn fún ẹ, kí o sì fèsì.”

“Ẹ ṣeun, àǹtí. Kí ni kí n sọ?”

“Pé kọ́sìn ẹ ni. Pé o ṣi ọ̀rọ̀ sọ.”

“Mi ò ṣi ọ̀rọ̀ sọ o! Èmi ni mo dáná sun òkú ẹ̀ torí kò lọ́mọ; ọmọ tàbí àbúrò ló ń ṣe é nílẹ̀ wa. Tí kì í bá ṣe ẹ̀gbọ́n mi, òkú ta ni mo sun?”

“Mo mọ̀. Àmọ́ wọ́n á dá ẹ padà, Kugan. Àwọn ṣọ́jà á pa ẹ́.”

Lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́, ọkùnrin ìgbìmọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń po tíì. Ògbufọ̀, ọmọ Tamil bíi ti Kugan, wolẹ̀ kó tó túmọ̀ ìbéèrè náà.

“Ṣé ẹ̀gbọ́n ẹ ni Thavam, àbí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n ẹ?”

Heather ń wo Kugan.

“Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi, sà. Kọ́sìn mi ni.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀,” ni ọkùnrin náà wí, ó sì kọ nǹkan sílẹ̀. “Ó ti hàn báyìí pé olóòótọ́ ni ẹ́.”

Ẹ̀gbin gbáà! Wọ́n fún un níwèé ìgbélùú lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìdí ẹ̀rọ omi ló gbà lọ, ó ń yọ ẹnu, ó ń tutọ́. Láti ọjọ́ tó ti dé ìlú náà, irọ́ kan ṣoṣo tó pa fún wọn nìyẹn.